Ìka Màmá àti Tábúlẹ́ẹ̀tì Tó Ń Bọ̀

Òkèṣà,
Adó-Èkìtì.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù o. Mo gbọ́ pé yìnyín ti ń bọ́ ní Calgary. Níbí, ọyẹ́ là ń retí, ètè ti ń sán díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ wà dáadáa, ṣọ́ọ̀bù ń lọ bí Ọlọ́run ṣe fẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nípa tábúlẹ́ẹ̀tì Màmá. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí mo lè fi ohùn dá lóhùn lọ, ni mo bá fa bébà yọ. O ní ẹnìkan níbi iṣẹ́ yín ń búra pé Samsung Tab A (tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú wọn) tó ń bọ̀ máa ní ibi ìtẹ̀ka, ìyẹn ibi tí a ń fi ìka ṣí i, lábẹ́ gíláàsì, pé kí o má tíì ra èyí tó wà lórí igbá, torí pé Màmá máa ń gbàgbé PIN. Ìfẹ́ ìyá ló ń dà ọ́ láàmú, mi ò bá ọ wí.

Ṣùgbọ́n abẹ́ gíláàsì kẹ̀? Ẹni yẹn kò tíì tú tábúlẹ́ẹ̀tì rí. Ìtẹ̀ka abẹ́ gíláàsì ń fẹ́ sikíríìnì OLED, irú èyí tí Samsung ń pè ní AMOLED, tí ojú iná kékeré kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn á lu ìka, á padà gba àárín sikíríìnì kọjá, kámẹ́rà kékeré tó lúgọ sísàlẹ̀ á sì rí ilà ọwọ́. LCD, irú sikíríìnì kejì, kò gba irú rẹ̀. Iná tirẹ̀ wà lẹ́yìn, àwọn ike pẹlẹbẹ tó ń tan iná náà ká tún wà láàárín, kámẹ́rà ò lè fi bẹ́ẹ̀ ríran gba ibẹ̀ kọjá. Tab A7, A8, A9, gbogbo wọn ló ti sùn sórí tábìlì àtúnṣe mi rí, LCD sì ni wọ́n. LCD yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí apá wa ká owó wọn.

Wo ọdún 2020. Samsung gbé Tab S7 àti S7+ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. S7+ jẹ́ AMOLED, abẹ́ gíláàsì ni wọ́n fi ìtẹ̀ka tirẹ̀ sí. S7 jẹ́ LCD, ara bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án ni tiẹ̀ wà. Nígbà tó di 2023 tí wọ́n ṣe Tab S9 FE, LCD tún ni, bọ́tìnnì náà ni wọ́n tún lò. Nítorí náà bí Tab A tó ń bọ̀ bá máa ní ìtẹ̀ka rárá, ẹ̀gbẹ́ ni yóò wà, mo lè ta tẹ́tẹ́ lé e. Ọ̀nà tí Apple náà gbà nìyẹn: iPad Air ti 2020 ló kọ́kọ́ ní in lára bọ́tìnnì òkè, iPad mini tẹ̀lé e ní 2021, ó wá kan iPad lásán ní 2022. Ọ̀dọ̀ olówó ni irú nǹkan yìí ti máa ń ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá tálákà. Èrò tèmi ni pé yóò dé ọ̀dọ̀ Tab A lọ́jọ́ kan, ó kàn lè má jẹ́ èyí tó ń bọ̀ yìí.

Àhesọ irú èyí náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní September 2013 tí iPhone 5s gbé Touch ID (ìtẹ̀ka ti Apple) dé, gbogbo ayé ló ń sọ pé iPad oṣù tó tẹ̀ lé e máa ní in. iPad Air dé, kò ní in. Ó di ọdún 2014 kí Samsung tó fi sára Galaxy Tab S, nígbà yẹn ńṣe lèèyàn ń fa ìka kọjá lórí bọ́tìnnì. Nígbà tó di October 15 ọdún kan náà, Apple fúnra wọn ló tú àṣírí ara wọn: ìwé ìlò iOS 8.1 (ètò tó ń darí iPad) tí wọ́n gbé sórí ilé ìtàwé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní àwòrán iPad Air 2 àti mini 3 pẹ̀lú Touch ID, ọjọ́ kan kí wọ́n tó kéde wọn! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Mini 3 yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o fiyè sí. Ohun tó fi yàtọ̀ sí mini 2 kò ju ìtẹ̀ka àti àwọ̀ wúrà lọ. Mini 2 di $299, mini 3 jẹ́ $399. Ọgọ́rùn-ún dọ́là nítorí bọ́tìnnì! Oníbàárà tó bá ti ní òun ń dúró de èyí tó ń bọ̀, ìtàn mini 3 ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún un.

Ó yá, ká bọ́ sọ́dọ̀ Màmá fúnra wọn. Mo gba Ìkẹ́rẹ́ lọ ní ọjọ́ Ìsinmi, mo sì mú fóònù kan tó ní ìtẹ̀ka dání láti ṣọ́ọ̀bù. O mọ ọwọ́ ìyá rẹ. Láti ìgbà tí a ti wà ní pírámárì ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń yan gàrí, ooru agbada àti ọ̀bẹ ti jọ nu ọwọ́ náà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ara bọ́tìnnì sì jẹ́ pé òkè àti kòtò tó wà lára ìka ló ń wá: ibi tí awọ ti ga á fara kan an, ibi tó ti jìn kò ní kàn án, iná mànàmáná kékeré tó wà nínú rẹ̀ á fi mọ ìyàtọ̀. Ibi tí òkè àti kòtò bá ti dọ́gba, kí ló fẹ́ rí? Àtàǹpàkò ọ̀tún, ó kọ̀. Ìka ìlábẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ọwọ́ òsì la wá yí sí, ìka òrùka ló gbà. Màmá ní, "Ṣé o rí i? Ìyẹn ni bàbá wọn fi òrùka sí, kò jẹ́ kó bá mi bó ẹ̀gẹ́." Àwọn ará ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́rìn-ín.

Ìwọ náà rántí 2014, nígbà tí BVN bẹ̀rẹ̀, bí báńkì kan ṣe dá wọn padà sílé pé ọwọ́ wọn kò jáde. Lọ́jọ́ ìdìbò gómìnà ní June 2022 náà, ìka kọ̀, ojú wọn ni ẹ̀rọ ibi ìdìbò fi dá wọn mọ̀. Màmá kò gbàgbé. Wọ́n bi mí bóyá tábúlẹ́ẹ̀tì náà ò lè wo ojú àwọn. Mo ní ó lè wò ó, pé àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń fi kámẹ́rà iwájú ṣe é, àmọ́ òkùnkùn máa ń dà á láàmú, fọ́tò lásán sì lè tan òmíràn jẹ.

Wàyí o, ohun tó jẹ́ kí n sọ pé má dúró nìyí. Ìtẹ̀ka kò mú PIN kúrò! Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá ti kú tó sì tún jí, PIN ló máa kọ́kọ́ béèrè, ìka kankan ò ní wọlé. Ti Apple tún le jù: bí ìka bá kùnà lẹ́ẹ̀marùn-ún, tàbí tí ẹnì kankan ò bá ṣí i fún wákàtí 48, PIN náà ni. O sì mọ iná wa. Bátìrì Màmá á kú lónìí, wọ́n á rí iná ní ọ̀túnla, wọ́n á tàn án, PIN! A padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, owó tí o fi kún un ti wọgbó. Ní Calgary tí iná kì í lọ, o lè lo ọjọ́ díẹ̀ kí o má fojú kan PIN rẹ, ìyẹn ló jẹ́ kí ó dà bíi pé ìka nìkan tó.

Ohun tí mo rò dípò rẹ̀ ni àmì tí èèyàn máa ń fà láàárín àmì róbótó mẹ́sàn-án. Mo fi han Màmá lórí fóònù yẹn. Nọ́ńbà ló ń sọ nù lọ́kàn wọn, ọwọ́ wọn kì í gbàgbé nǹkan. Bí ẹni ń fa ilà irun ni wọ́n fà á, nígbà tí mo jẹun tán tí mo tún gbé e fún wọn, wọn ò ṣì í rárá. Wàhálà ibẹ̀ kò ju pé epo ọwọ́ máa ń fi ipa àmì náà sílẹ̀ lórí gíláàsì, olè tó bá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ á rí i. Mo ti ní kí àbúrò rẹ obìnrin máa nù ún. Kí a má sì fi áàpù báńkì kankan sí i. Fídíò àwọn ìbejì ni Màmá ń wá, kì í ṣe báńkì.

Torí náà, ra èyí tó wà nílẹ̀. Owó tí o bá fi pamọ́, fi ra èyí tó fẹ̀, tó jẹ́ 11 íńṣì, torí ojú Màmá. Kí o sì jọ̀ọ́, èyí tó ń gba SIM ni kí o rà! Wi-Fi nìkan ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín, Màmá ò sì ní Wi-Fi, èmi ni màá máa gun ọ̀kadà lọ tan hotspot fún wọn. Bèèrè dáadáa kí o tó sanwó, kí o sì yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò bóyá ihò SIM wà níbẹ̀.

Bí o bá wá fẹ́ ìtẹ̀ka fún ara rẹ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó já bọ́ lórí bọ́tìnnì yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti so mọ́ bọ́ọ̀dù inú, n kò lè yọ ti ọ̀kan fi sí òmíràn kó tún mọ ìka. Ní 2016, àwọn iPhone tí wọ́n pààrọ̀ bọ́tìnnì wọn níta kú pátápátá lẹ́yìn ìmúdójúìwọ̀n, Error 53 ni wọ́n ń kọ, àfìgbà tí Apple gbé àtúnṣe jáde.

Ta ló ń bọ̀ nílé ní December tó lè bá wa gbé e? Bí kò bá sí, má fi ránṣẹ́ nínú páálí lásán, jẹ́ ká wá ẹni tó ń bọ̀ ní Easter. Bá mi kí Ìyá Ìbejì. Sọ fún Táíwò pé mo ti gba àwòrán ọkọ̀ tó yà, ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, Kẹ́hìndé nìkan ni kò tíì san gbèsè tiẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bàbá Ṣadé.