Kí ló sọ Ìjẹ̀bú di ilẹ̀ ọ̀dàn?

Olóòtú,

Àwòrán ayé kan wà nínú ìwé jọ́gíráfì ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n fi àwọ̀ pín ojú ọjọ́ sí oríṣiríṣi, tí àwọ̀ kan náà sì bo tiwa àti ti Kàdúná. Aw ni wọ́n kọ sí i, ojú ọjọ́ ilẹ̀ ọ̀dàn. Ọmọ náà bi mí bóyá ìwé ló ṣìnà, torí abẹ́ igi obì tí oòrùn kì í ráyè wọ̀ ní Òde-Rẹ́mọ ló ti máa ń bá mi ṣa obì.

Ìwé kò ṣìnà, àlàyé ni kò ṣe. Wladimir Köppen, tó ṣiṣẹ́ ní Jámánì, tó fi ooru pín ayé ní 1884, tó sì ń tún ìpín rẹ̀ ṣe títí di 1936, ewéko ló fi ṣe atọ́nà. Ìdí nìyẹn tí ibi tí oṣù tó gbóná jù kò ti dé dígírì 10, tí igi kì í hù, fi bọ́ sí ìpín E. Ìpín A ni tiwa, tí oṣù tó tutù jù kì í rẹlẹ̀ ju dígírì 18 lọ.

Lẹ́tà kejì ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí oṣù tí òjò rẹ̀ kéré jù ló gbójú lé. Bí oṣù náà bá ní mílímítà 60, igbó kìjikìji ni. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, a óò fi 25 pín òjò ọdún, a óò yọ ọ́ kúrò nínú 100. Níbi tí òjò ọdún ti jẹ́ 1,500, 40 ló kù, oṣù tí kò bá sì tó 40 ti sọ ibẹ̀ di Aw. Òjò oṣù Ṣẹ́rẹ́ tiwa kì í dé ibẹ̀: okùn kànga tó kan omi nínú oṣù Agẹmọ kì í kàn án mọ́, àfi ká so òmíràn mọ́ ọn, eruku ọyẹ́ a sì ti bo ewé obì.

Àléébù tí èmi rí ni pé Aw kò ka ìsinmi òjò oṣù Ògún sí, èyí tí a fi ń sá àgbàdo nílẹ̀ wa, nígbà tó jẹ́ pé oṣù yẹn gan-an ni òjò Kàdúná máa ń pọ̀ jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn olùkọ́ kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní ìṣirò náà pẹ̀lú lẹ́tà. Tiwa ti gbé agolo kan tó dọ́gba láti òkè délẹ̀ sí gbangba ẹ̀yìnkùlé, ó ní rúlà lòun yóò fi máa wọn òjò inú rẹ̀ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Àgbẹ̀ olóbì kan, Òde-Rẹ́mọ