Nínú Train to Busan, ta ni ká dá lẹ́bi: ẹni tó ṣílẹ̀kùn ni àbí ẹni tó tì í?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà méjì tí ẹ tẹ̀ jáde lórí Train to Busan, fíìmù àwọn ará Kòríà tí àwọn ọmọ wa kò yé wò láti ọdún 2016 tí ó ti jáde. Ẹni àkọ́kọ́ sọ pé ìyá àgbà tí ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn òkú tí ń bu ènìyàn jẹ ni òun kórìíra jù nínú gbogbo eré náà, pé àjẹ́ paraku ni, àti pé òun ni ó pa gbogbo èrò inú kóòṣì rẹ̀, ìyẹn yàrá ọkọ̀ ojú irin tí ó wà. Ẹnì kejì ní ẹkún ti pọ̀ jù ní ìparí, pé ńṣe ni wọ́n ń fi tipátipá fa omi lójú ènìyàn. N ó dá àwọn méjèèjì lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn ni ó ká mi lára.

Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó, Yeon Sang-ho ni ó darí eré náà, ẹni tí ó jẹ́ pé eré àwòrán-yíyà ni ó fi ń ṣiṣẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀. Seok-woo, tí Gong Yoo ṣe ipò rẹ̀, ń fi owó olówó dókòwò ní Seoul, òun àti ìyàwó rẹ̀ kò sì gbé pọ̀ mọ́. Nígbà tí ọjọ́ ìbí Su-an ọmọ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ra ẹ̀rọ géèmù bọ̀ wálé. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan, ó kàn yíjú sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, níbi tí irú ẹ̀rọ yẹn gan-an, tí bàbá rẹ̀ ti rà fún un tẹ́lẹ̀ tí ó sì ti gbàgbé, wà. Ohun tí ọmọ ń fẹ́ ni kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Busan. Bàbá mú un wọ ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá tí wọ́n ń pè ní KTX, ìrìn àjò tí kò ju wákàtí mẹ́ta lọ. Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe ń pa dé báyìí ni ọmọbìnrin kan kó sínú rẹ̀, tí ojú ibi tí wọ́n ti bù ú jẹ wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi kú, tí ó sì tún dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu àwọn èrò ọkọ̀ jẹ.

Ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ pe àwọn òkú wọ̀nyí ní àkúdàáyà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò bá wọn mu. Àkúdàáyà kì í bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ńṣe ni yóò gba ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n lọ, yóò fẹ́yàwó, yóò bímọ, yóò máa ná ọjà bí ènìyàn gidi, títí di ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ àtijọ́ bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, tí yóò sì pòórá. Ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ yẹn jọ ajá dìgbòlugi ju àkúdàáyà lọ, nítorí ẹni tí ó bá ti bù jẹ, òun náà yóò ya dìgbòlugi ni. Òkú dìgbòlugi ni n ó máa pè wọ́n nínú lẹ́tà yìí. Mo sì tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun kan tí eré náà fi hàn wá láìpẹ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀: àwọn òkú dìgbòlugi kò mọ bí a ti í ṣílẹ̀kùn. Gíláàsì ni wọ́n ń kọ lu tí wọ́n bá rí ènìyàn. Aboyún inú ọkọ̀ náà, tí ń jẹ́ Seong-kyeong, da omi sí ojú gíláàsì ilẹ̀kùn, ó lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ọn, ara wọn sì rọlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bo ẹyẹ mọ́lẹ̀. (Inú yín yóò dùn, Olóòtú, pé ìwé ìròyìn ṣì wúlò.) Èyí já sí pé nínú eré náà, bí ẹ bá rí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ́ ṣí tàbí tí wọ́n tì, ọwọ́ ènìyàn alààyè ni ó ṣe é.

Ẹ wá jẹ́ kí á lọ sí kóòṣì kẹẹ̀ẹ́dógún. Seok-woo, Sang-hwa ọkọ aboyún yẹn, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń gbá baseball nílé ìwé rẹ̀ ti la kóòṣì bíi mélòó kan tí ó kún fún òkú dìgbòlugi kọjá, tí wọ́n ń dúró de ihò òkè tí ọkọ̀ ń gbà kọjá kí òkùnkùn lè bo ojú àwọn òkú náà, nítorí wọn kì í ríran nínú òkùnkùn. Wọ́n yọ Su-an, aboyún náà, ọkùnrin aláìnílé kan àti ìyá àgbà kan tí ń jẹ́ In-gil jáde níbi tí wọ́n há mọ́, wọ́n sì kó wọn dé ẹnu ọ̀nà kóòṣì kẹẹ̀ẹ́dógún, níbi tí àwọn tí kò tíì fara gbọgbẹ́ sá pamọ́ sí. Àwọn ti inú kóòṣì di ilẹ̀kùn mú. Yon-suk, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan, ni ó ń ké pé àrùn ti wà lára wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ nìkan kọ́ ni ó wà lára ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí àwọn ti ìta fi máa ráyè já wọlé, wọ́n ti bu Sang-hwa jẹ, In-gil sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn òkú. Wọn kò tíì mí kanlẹ̀ tí àwọn èrò inú kóòṣì fi lé wọn jáde sí ẹnu ọ̀nà iwájú, tí wọ́n sì so ilẹ̀kùn náà pa mọ́ wọn.

Jong-gil, ìyá àgbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ ń bú, ọmọ ìyá In-gil ni, ó sì wà nínú kóòṣì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jókòó. Ó ń wo ojú ọmọ ìyá rẹ̀, tí ó ti di òkú dìgbòlugi, lára gíláàsì. Ó wo àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ilẹ̀kùn tán, tí wọ́n ń kí ara wọn kú oríire. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, tí ó rìn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Àkókò ìsinmi ni mo wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì. Bí ó ti ṣílẹ̀kùn ni èyí ọkùnrin kígbe pé, “Ìyá olóríburúkú!” Mo fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n aládùúgbò mi kan tí ó ń ta aṣọ, tí ó wá gba ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ tí ó sì dúró wò, ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní, “Bí wọ́n bá pa Kẹ́hìndé mi lójú mi báyìí, tí wọ́n wá ń kí ara wọn, èmi náà á ṣí i.” Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé títí ìran inú kóòṣì yẹn fi parí.

Èmi kò sọ pé ohun tí ìyá náà ṣe dára. Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ju pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ohun tí mo ń bá ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ jà lé lórí ni pé ó ka ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sí ọ̀ràn, kò sì mẹ́nu kan ilẹ̀kùn méjì tí wọ́n tì ṣáájú rẹ̀. Olùdarí eré náà mọ̀ pé a ó ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi dẹ okùn sílẹ̀ fún wa láti òkèèrè. Ta ni ó kọ́kọ́ tilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn nínú fíìmù yìí? Seok-woo ni, akọni eré fúnra rẹ̀! Nígbà tí ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́, tí Sang-hwa àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú ń sá bọ̀, òun ni ó fa ilẹ̀kùn dé mọ́ wọn. Kí ọkọ̀ tó dé ibùdókọ̀ Daejeon, ó ti fi fóònù bá ọ̀gá ológun kan sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè gba ọ̀nà ibòmíràn gbé òun àti ọmọ òun nìkan jáde. Su-an ti dìde fún ìyá àgbà kan kí ó lè jókòó. Bàbá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé ní irú àsìkò yìí, ara ẹni nìkan ni ènìyàn ń tọ́jú. Bí Seok-woo bá wà nínú kóòṣì kẹẹ̀ẹ́dógún ní wákàtí kan ṣáájú, ẹ̀gbẹ́ àwọn tí wọ́n ń di ilẹ̀kùn mú ni à bá ti rí i, a ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ọmọ rẹ̀ ni ó yí i padà.

Ọmọ náà sì lẹ́nu. Yon-suk nawọ́ sí ọkùnrin aláìnílé yẹn, ó ní bí Su-an kò bá kàwé, bí yóò ti rí nìyẹn. Su-an ní ìyá òun ti sọ pé ènìyàn burúkú ni ẹni tí ó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé aláìnílé yìí kan náà ni ó dá àwọn òkú dúró ní ibùdókọ̀ Dongdaegu kí Su-an àti aboyún náà tó ráyè sá.

Ó yẹ kí a rántí ibi tí fíìmù náà ti wá pẹ̀lú. Ju mílíọ̀nù 11 tíkẹ́ẹ̀tì lọ ni wọ́n tà fún un ní Gúúsù Kòríà, ní orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 50. Òkú tí ń sáré nìkan kò lè fa irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2014, ọkọ̀ ojú omi Sewol rì, ènìyàn 304 ló bá a lọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé girama kan ṣoṣo. Gbohùngbohùn inú ọkọ̀ ń sọ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n má kúrò níbi tí wọ́n wà. Ọ̀gá atukọ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Ní ọdún 2015 ni MERS, àrùn èémí tí ń ràn, tún wọ̀lú, ó mú ènìyàn 186, 38 sì kú, ìjọba sì fi orúkọ àwọn ilé ìwòsàn tí àrùn náà wà pamọ́ fún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹni tí ó ti la èyí kọjá, tí ó wá rí òṣìṣẹ́ ìjọba lórí tẹlifíṣọ̀n nínú eré tí ó ń sọ pé kí ará ìlú fọkàn balẹ̀, yóò mọ ohun tí wọ́n ń bá òun sọ. Mo sì rò pé kì í ṣe èèṣì ni wọ́n ṣe awakọ̀ ojú irin náà ní òdìkejì ọ̀gá atukọ̀ Sewol. Gbogbo ohun tí awakọ̀ yìí mọ̀ ni ó ń sọ fún èrò rẹ̀. Ní Dongdaegu, tí ojú irin dí, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbé wọn, ibi tí ó ti ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni ikú sì ti bá a. Ẹni tí ó ń ràn lọ́wọ́ ni Yon-suk, ọ̀gá bọ́ọ̀sì, ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ náà jẹ́ kíkó èrò láti ibì kan dé ibòmíràn.

Àwọn kan sọ pé ìwà Yon-suk ti burú kọjá ohun tí ènìyàn lè gbà gbọ́. Mo fara mọ́ wọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti parí: nígbà tí àrùn ti ń gùn ún, ohùn rẹ̀ di ti ọmọdé, ó ń bẹ Seok-woo pé kí ó mú òun lọ sílé ní Busan, pé ìyá òun ń dúró de òun.

Ní ti ẹkún, ẹnì kejì kò purọ́. Àwọn ará Kòríà pàápàá lórúkọ fún ẹkún àmọ̀ọ́mọ̀fà: sinpa ni wọ́n ń pè é. Ibi tí wọ́n ti bu Seok-woo jẹ, tí ó ń rántí ọjọ́ tí ó gbé ọmọ rẹ̀ jòjòló lọ́wọ́, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn, ó dùn ju bí ó ti yẹ lọ, bí ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀kọ. Òjìji rẹ̀ tí ó ṣubú sórí ojú irin ì bá ti tó. Orin tí Su-an kọ nínú ihò òkè ní ìparí, mi ò lè bá wọn bú u ní tirẹ̀. Orin ìdágbére tí ó fẹ́ kọ nílé-ìwé ni, tí kò lè parí nítorí pé bàbá rẹ̀ kò wá. Àwọn ọmọ ogun ti gbé ìbọn, wọ́n ti gba àṣẹ pé kí wọ́n yìn ín, nítorí wọn kò lè dá alààyè mọ̀ yàtọ̀ sí òkú láti ọ̀nà jíjìn. Orin ni ó gba òun àti aboyún náà là. Bí ó bá jẹ́ sinpa nìyẹn, ó wúlò.

Ẹkún tèmi ti wá ṣáájú ìyẹn. Sang-hwa, tí Ma Dong-seok ṣe, ti mọ̀ pé òun kò ní rí ọmọ òun. Bí ó ti ń fi ara dí àwọn òkú dìgbòlugi lọ́nà, ó kígbe orúkọ ọmọ inú oyún sí ìyàwó rẹ̀. Níbi tí a ti ń dúró di ọjọ́ kẹjọ kí a tó sọmọ lórúkọ, kò sí omi tútù, kò sí oyin, kò sí ẹbí tí ó péjọ, bàbá sọ ọmọ lórúkọ láàárín òkú. Mo gbé ojú mi sí ẹ̀gbẹ́ kí àwọn ọmọ má bàa rí mi.

Mo bẹ ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ pé kí ó tún fíìmù náà wò, kí ó dá a dúró ní ibi tí Sang-hwa àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e ti ń lu ilẹ̀kùn kóòṣì kẹẹ̀ẹ́dógún. Kí ó ka iye ọwọ́ tí ó wà lára ilẹ̀kùn náà láti inú. Jong-gil kò sí lára wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.