Ẹ Má Fi Òróró Ra Ìjókòó Ọkọ̀ Yín Mọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín kò tó nǹkan lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ká mi lára. Lójú ìwé ìmọ̀ràn ilé tí ẹ tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan ní kí á máa fi òróró ìdáná ra ìjókòó ọkọ̀ tí wọ́n fi awọ ṣe, pé yóò máa dán, kò sì ní sán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó ṣíwọ́. N kò wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi fúnra mi ti ṣe èyí tó burú ju tirẹ̀ lọ, èmi tí kò yẹ kí n ṣe é rárá.

Iṣẹ́ bàtà ni mo ń ṣe. Ó di ọdún 26 báyìí tí mo ti ń gé awọ, tí mo ń rán an, tí mo ń kùn ún. Nígbà tí mo ra ọkọ̀ tí mo ń wà yìí, àlòkù ni, ìjókòó rẹ̀ sì jẹ́ awọ dúdú. Ẹni tó tà á fún mi ń ṣe àlàyé bí mo ṣe máa tọ́jú ìjókòó náà, mo kàn ń mi orí ni. Nínú ọkàn mi, mo ní, ìwọ ọmọdé yìí, ta lò ń kọ́ ní ìtọ́jú awọ?

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo gbé agolo pólíìṣì dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì méjì láti ìsọ̀ mi, mo wọ inú ọkọ̀ náà lọ. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é. Mo kùn ún, mo gbọ̀n ọ́n, mo tún fi aṣọ fẹ́lẹ́ dán an, títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú ìjókòó. Mo pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wò ó. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi wọ aṣọ funfun, ó jókòó síwájú, a jáde. Nígbà tí a débi tí à ń lọ tó sọ̀kalẹ̀, ìdí aṣọ náà àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú kanlẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Kò pariwo. Ó kàn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé bàtà lẹ rí mi sí ni?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí pólíìṣì yẹn kò fi wọlé. Bí mo bá kun bàtà, tí mo sì dán an dáadáa, ẹ lè fi ìbọ̀sẹ̀ funfun nù ún kí ó má fi bẹ́ẹ̀ yí. Kí ni ìjókòó ọkọ̀ fi yàtọ̀? Mo tọ ọ̀rẹ́ mi kan lọ tó ń rán ìjókòó ọkọ̀, mo gba èérún awọ tó bọ́ lára ìjókòó kan tó ti gbó. Mo gbé e sórí pátákó, mo fi ọ̀bẹ iṣẹ́ mi gé e gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, mo wá yẹ etí rẹ̀ wò lójú oòrùn. Àárín awọ náà ń ṣe bí eérú tó ní búlúù nínú. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni awọ tí wọ́n fi iyọ̀ kírómíọ̀mù, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí awọ jẹrà, pa ṣe máa ń rí. Orí rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Ìpele ọ̀dà tín-ín-rín kan ló wà níbẹ̀, dúdú, tó lẹ̀ mọ́ awọ náà pinpin, ìpele mìíràn tí kò ní àwọ̀ sì tún wà lórí ọ̀dà yẹn, tó dà bí ike. Mo fi èékánná họ ọ́, kò họ.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ òde òní, kì í ṣe awọ gan-an ni ọwọ́ wa ń kàn bí a bá fọwọ́ pa ìjókòó. Ọ̀dà ni. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló kùn ún bẹ́ẹ̀ kí omi, òógùn àti oòrùn má baà tètè bà á jẹ́. Pólíìṣì tí mo fi kùn ún kò rí ọ̀nà wọlé, orí ọ̀dà ló jókòó sí, ó ń dúró de aṣọ funfun ìyàwó mi. Òróró tí òǹkọ̀wé yín ní kí á fi ra á náà kò ní wọlé. Orí ibẹ̀ ni yóò wà, tí eruku yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn, tí yóò sì máa rùn bó bá pẹ́, nítorí òróró a máa kan. Díẹ̀ tó bá sì rí ihò abẹ́rẹ́ gbà kọjá, inú fóòmù ló ń lọ, kò sẹ́ni tí yóò rí i fọ̀ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ń tú ìjókòó yẹn, ó fi hàn mí pé ibi tí ìdí àti ẹ̀yìn èèyàn ń kàn nìkan ni awọ wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí àwọn tó jókòó lẹ́yìn, àti apá kan ibi ìgbórílé, gbogbo rẹ̀, rọ́bà tí wọ́n ṣe bí awọ ni. Awọ ò ká ojú ìlù, ni wọ́n bá fi rọ́bà kún un. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní “oníjókòó awọ” ni wọ́n ṣe báyìí. Ẹni tó ń fi ìpara awọ olówó iyebíye ra ẹ̀yìn ìjókòó, rọ́bà ló ń kẹ́.

Àmọ́ ṣá o, àwọn ọkọ̀ kan wà tí awọ wọn kò ní ọ̀dà lórí, pàápàá àwọn ọlọ́lá. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kán omi ẹyọ kan sí kọ̀rọ̀ ibi tí ojú kò tó, kí ẹ dúró díẹ̀. Bí omi náà bá jókòó rógódó, ọ̀dà wà lórí rẹ̀. Bó bá rì wọlé tí ojú ibẹ̀ sì dúdú sí i, ìhòòhò ni awọ yẹn wà, ẹ rọra o. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi kàn án ni yóò mu. Èyí tó ní irun múlọ́múlọ́ lójú bíi aṣọ àrán, ẹ má fi ọṣẹ tàbí ìpara tí mo fẹ́ sọ yìí kàn án rárá.

Báyìí ni mo ṣe wá ń fọ tèmi. Abẹ́ òjìji ni mo máa ń gbé ọkọ̀ sí, mo sì máa ń jẹ́ kí ìjókòó tutù kí n tó fọwọ́ kàn án, nítorí bó bá gbóná, ọṣẹ yóò gbẹ mọ́ ọn lára kí n tó nù ún. Ẹ̀rọ tí ń fa eruku ló ń ṣáájú, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tó ní irun rírọ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ òsì ya ojú rírán sọ́tọ̀, kí ẹ̀rọ náà lè fa yanrìn tó há síbẹ̀. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn o. Yanrìn inú ojú rírán ló ń gé òwú, òun náà ló sì ń ha ọ̀dà nígbàkúùgbà tí èèyàn bá jókòó tó sì yíra. Mo ti rí ìjókòó tí awọ rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n tí òwú rẹ̀ ti já tán.

Lẹ́yìn náà ló kan ọṣẹ. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún awọ ọkọ̀ ló dára jù. Bí kò bá sí, ọṣẹ olómi tí kò le, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìwé atọ́nà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó má jẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ. Ọṣẹ ìfọṣọ a máa ta, awọ ní tirẹ̀ sì kan díẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti pa á. Àwọn méjèèjì kì í bára gbé pẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń da ọṣẹ náà sí, n kì í dà á sórí ìjókòó. Mo máa ń po ó títí yóò fi hó, kí ó jẹ́ ìfófòó ni yóò kan awọ, kì í ṣe omi. Irun ẹṣin ni búrọ́ọ̀ṣì mi. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo fi ń dán bàtà ni, ṣùgbọ́n tuntun ni mo mú, kì í ṣe èyí tó ti jẹ pólíìṣì yó. Mo ti kọ́gbọ́n.

Ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì ni mo máa ń mú lẹ́ẹ̀kan. Mo á fi búrọ́ọ̀ṣì yí i po wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́, mo á sì tètè fi aṣọ rírọ̀ tí mo fún gbẹ nù ún kí ọṣẹ tó gbẹ. Ẹ wo aṣọ yẹn bí ẹ bá nù ún tán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀, ibi tí ìdí máa ń fà kọjá bí èèyàn bá ń wọlé tàbí tó ń jáde, aṣọ funfun náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi adágún. Mo rò pé pólíìṣì mi ni, àfi ìgbà tí mo rántí pé dúdú ni pólíìṣì mi. Òógùn èèyàn ni, àti òróró ara, àti eruku. Ìgbà mẹ́rin ni mo nù ún kó tó mọ́. Bó ṣe ń mọ́, bẹ́ẹ̀ ni dídán rẹ̀ ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìjókòó tó ń kọ mànà, ìdọ̀tí ló ń dán. Awọ ọkọ̀ tó mọ́ kì í dán púpọ̀. Ojú rẹ̀ a máa ṣú díẹ̀, ó sì máa ń já gaara lọ́wọ́.

Bí ìjókòó yín bá ní ihò wẹ́wẹ́wẹ́, ẹ dín omi kù gidigidi. Ihò yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán nínú ọkọ̀ mìíràn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tàbí wáyà tó ń mú ìjókòó gbóná lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìjókòó iwájú tún máa ń jẹ́ ibi tí àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbani nígbà ìjàǹbá wà. Kì í ṣe ibi tí à ń fi omi rin gbingbin.

Ó wá ku ìpara. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń tà á yóò bínú sí mi. Wọ́n á ní ìpara “ń bọ́” awọ. Awọ kì í jẹun o. Màlúù tó ni í ti kú tipẹ́. Epo tí awọ náà nílò, ilé iṣẹ́ tó pa á ti fi sínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lórí awọ tó ní ọ̀dà, ìwọ̀nba ni ìpara lè ṣe: ó ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ yọ̀ díẹ̀ kí aṣọ má baà máa ha á, kò sì jẹ́ kí ìdọ̀tí tètè lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi kò kọ̀ ọ́. Mo ń lò ó bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, ṣùgbọ́n oṣù méjì-méjì ni mo ń fọ ìjókòó. Ìwọ̀n èékánná àtàńpàkò ni mo máa ń mú fún ibi ìdí kan, mo á fi aṣọ tẹ́ ẹ káàkiri, mo á lọ mu omi, mo á padà wá fi aṣọ gbígbẹ nu èyí tó kù kúrò. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án tí ọwọ́ yín sì ń yọ̀, ẹ ti fi pọ̀ jù. Ẹni tó bá wá fi ìpara lé ìdọ̀tí tí kò fọ̀, ó kàn ń fi òróró lẹ ẹrẹ̀ mọ́ awọ ni.

Kí n tó gbàgbé, ẹ kìlọ̀ fún àwọn òǹkàwé nípa kànìnkànìn funfun tí wọ́n ń tà pé kò sí àbàwọ́n tí kì í pa rẹ́. Àbàwọ́n nìkan kọ́ ló ń pa rẹ́, ó ń họ ọ̀dà pẹ̀lú ni, bíi sáńpépà. Omi apakòkòrò tí a fi ń ra ọwọ́ náà ní ọtí nínú, ọtí sì ń tú ọ̀dà. Bí ọwọ́ kò bá tíì gbẹ, ẹ má gbé e lé ìjókòó. Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ funfun, tí ṣòkòtò jíǹsì tuntun sì ti fi aró kùn, kó tètè fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá fi sílẹ̀ di oṣù méjì, ó ti di ti awọ nìyẹn.

Oòrùn ni ọ̀tá tó kù. Ọ̀dà a máa gan, a sì máa sán bí oòrùn bá ń gba inú gíláàsì pa á lójoojúmọ́. Páálí tí à ń tẹ́ sí gíláàsì iwájú ti ṣe ọkọ̀ mi lóore ju ìpara lọ.

Ìlà mẹ́ta kan wà létí ìjókòó awakọ̀ mi tó ti sán kí n tó rà á. Mo ti ra ìpara sí i, mo ti tún un rà, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń rán ìjókòó ní ọ̀dà tó bá ti sán kò ní pa dé, àfi kí wọ́n fi àtè dí i kí wọ́n sì tún un kùn. Mo ní kó dá ọjọ́ tí màá gbé ọkọ̀ náà wá. Ìyàwó mi ní òun yóò bá wa lọ, kí òun lè rí ohun tí a fẹ́ fi kùn ún.

Èmi ni tiyín,
Aránbàtà kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín.