Nígbà wo ló yẹ kí ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí mu ẹ̀kọ? Ọ̀rọ̀ ológì kan láti Ọ̀ffà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, ògì ni mò ń ṣe tà nílùú Ọ̀ffà. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí abiyamọ kì í pọn ọmọ wá sí ìsọ̀ mi, tí yóò sì bi mí pé, "Ìyá, ọmọ yìí ti pé oṣù mẹ́ta, ṣé kò tíì tó kí n máa fún un lẹ́kọ?" Ó yẹ kí inú mi dùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí pé oníbàárà tuntun ló fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n èsì tí mo máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n máa gbé ọmọ wọn lọ, kí wọ́n padà wá tó bá pé oṣù mẹ́fà. Àwọn kan a dúpẹ́, àwọn kan a fi mí rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn a sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ológì tó kù. Nítorí àwọn tó kọjá lọ yẹn ni mo ṣe gbé kálàmù.

Nígbà tí èmi ń bímọ, ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ fún wa ni pé láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí a bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fúnni nígbà náà sì nìyẹn. Ọdún 2001 ni wọ́n yí i padà, tí wọ́n ní ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà gbáko kí oúnjẹ mìíràn tó kàn án lẹ́nu, àti pé kí ọmú máa bá oúnjẹ náà rìn títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dárúkọ ọdún náà nítorí pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìjà ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé ti ṣẹ̀ wá. Ìyá ọkọ kò purọ́, ohun tí wọ́n kọ́ òun náà ní ọsibítù ló ń sọ. Ìyàwó náà kò sì ya aláfojúdi, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe. Ní ti ọdún méjì tí wọ́n dá, kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí tí a pọ̀ lágbègbè yìí, torí pé ó wà nínú ẹsẹ 233 Súrà Al-Baqara pé kí àwọn ìyá fún ọmọ wọn lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, fún ẹni tó bá fẹ́ kí ó pé. Síbẹ̀, nínú ìwádìí lórí ìlera àwọn ará ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà, 29 péré ni wọ́n bá tó ń mu ọmú nìkan.

Omi ló sábà máa ń ṣáájú ẹ̀kọ wọlé. Tí ooru Èrèlé àti Ẹrẹ́nà bá ti mú ní Ìlọrin, tí páànù orí ilé ń ró pákápáká, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni yóò máa sọ pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ yìí, ẹ kò ṣe fún un lómi tútù mu. Tí a bá pín omi ọmú sí ọ̀nà 100, ó ju 85 lọ tó jẹ́ omi, nítorí náà ọmú ló ń pa òùngbẹ ọmọ, òun náà ló ń pa ebi rẹ̀. Ìyá ọmọ gan-an ni kí a bu omi fún.

Lẹ́yìn omi ni ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ títí ó fi sú mi: "Ọmọ yìí ti ń wo wa lẹ́nu, ó fẹ́ jẹun." Òótọ́ ni pé ọmọ oṣù mẹ́rin máa ń wo ènìyàn lẹ́nu. Bí ẹ bá mú kọ́kọ́rọ́ dání, yóò wo kọ́kọ́rọ́. Bí ewúrẹ́ bá ń kọjá lọ, yóò yírùn tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó tìtorí ìyẹn sọ pé ó fẹ́ jẹ kọ́kọ́rọ́. Bákan náà ni kí ó máa jẹ ọwọ́ ara rẹ̀ tàbí kí ó máa jí lóru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kò fi hàn pé ọmú kò yó o mọ́.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí náà ti ṣe é. Mo lọ kí ìyàwó ọmọ mi ní Tanke ní Ìlọrin nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́rin. Ọmọbìnrin náà kò jẹ́ ká sùn fún òru méjì. Ní ọjọ́ kẹta, mo po ògì díẹ̀, mo rò ó lọ́lọ́, mo jẹ́ kí ó tutù, mo sì fi ẹnu ṣíbí kan án láhọ́n. Ahọ́n kékeré náà yọ síta, ó sì ti gbogbo rẹ̀ jáde wá sí àgbọ̀n. Mo tún fi sí i, ó tún tì í jáde. Ìyàwó ọmọ mi kò bá mi jiyàn, ó mú aṣọ, ó nu ẹnu ọmọ rẹ̀, ó wá rọra sọ pé, "Màmá, ahọ́n rẹ̀ ti dá yín lóhùn." Ojú tì mí díẹ̀, mo sì gbé abọ́ náà padà sí kíṣìnì. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, ṣíbí kan náà ni a tún lò. Ó pa ètè dé lé e lórí, ó gbé e mì, ó sì na ọwọ́ kí ó gba ṣíbí náà lọ́wọ́ mi.

Ohun tó yẹ kí a máa wò nìyẹn. Ọmọ tó ti tó oúnjẹ jẹ, ọrùn rẹ̀ ti le, ó lè jókòó tí a bá fi nǹkan díẹ̀ tì í lẹ́yìn, ahọ́n rẹ̀ kò ti oúnjẹ síta mọ́, ó sì lè mú nǹkan lọ sẹ́nu fúnra rẹ̀. Nǹkan wọ̀nyí sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí a tó bí i yàtọ̀. Dókítà rẹ̀ ni kí a bi.

Àwọn tí kò lè dúró kí ahọ́n gbà ni wọ́n máa ń rọ ọmọ. Wọn a tẹ́ ọmọ sórí itan, wọn a ká àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ètè rẹ̀ bí igbá kékeré, wọn a da ẹ̀kọ sínú rẹ̀. Bí ọmọ bá pa ẹnu dé, wọn a di imú rẹ̀ kí ó lè yanu gba èémí, ẹ̀kọ a sì bá èémí wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi rọ mí, bẹ́ẹ̀ ni mo sì rọ àkọ́bí mi. Ẹ̀kọ tó bá gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè gbẹ̀mí ọmọ, Ọlọ́run ló kó èmi yọ.

Ṣùgbọ́n mo tún ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn tó ń pẹ́ jù. Àwọn ìyá kan wà báyìí, àwọn tó kàwé ló pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n ń fi yangàn pé ọmọ àwọn ti pé oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, pé ọmú nìkan ló ṣì ń mu. Ọmọ gbé èròjà irin tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di ọ̀tun wá láti inú ìyá rẹ̀, ìwọ̀nba tó sì gbé wá yẹn máa ń tán lọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ ni irú èròjà yìí nínú omi ọmú. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n wí yìí ní ẹnu ọ̀nà ìwọlé, ó sì ní ti ìjáde.

Ní ti ẹ̀kọ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ọjà tí mò ń tà. Mo máa ń rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, mo máa ń fọ̀ ọ́, mo máa ń gbé e lọ lọ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ohun tó bá gba ojú asẹ́ kọjá ló ń di ògì. Eèrí tó kù lókè ni mo máa ń dà fún ewúrẹ́. Inú eèrí yẹn sì ni púpọ̀ nínú ohun tó ń mú ara dàgbà bá lọ. Ẹ wá wo ewúrẹ́ ilé mi, bí wọ́n ṣe ń dán. Nígbà tí a bá tún wá da omi gbígbóná púpọ̀ lé ògì náà kí ó lè ṣàn wọ inú fídà, omi funfun tó ní ṣúgà ni ọmọ ń mu. Ikùn rẹ̀ kéré, omi náà kún un, kò sì sí àyè fún ọmú mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ̀kọ ọmọ oṣù mẹ́fà ki débi pé tí a bá yí ṣíbí, kò ní tètè ṣàn dànù. Kí a fi nǹkan sí i: edé tí a lọ̀ kúnná, ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, ẹyin tó jinná dáadáa, ẹ̀pà tí a lọ̀, ẹ̀kán epo pupa kan. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ rírọ̀ tí kò ní ata dára. Wàrà àwọn Fúlàní tí a bọ̀ lórí iná dára pẹ̀lú, kò sì wọ́n wa lágbègbè yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta tó lẹ́ẹ̀kan. Láti oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ó máa jẹun lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, lẹ́yìn ìyẹn kí ó di ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, tòun tọmú. Oyin nìkan ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a má fi kàn án lẹ́nu títí yóò fi pé ọdún kan, torí pé kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó máa ń di májèlé nínú ìfun ọmọdé. Mo mọ̀ pé a máa ń fi oyin ṣe ìsọmọlórúkọ. Kí ìyá rẹ̀ bá a tọ́ ọ wò.

N kò ní dá àwọn tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́bi o. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, 6 ṣáájú ìbímọ àti 6 lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ni pé ọmọ kò tíì pé oṣù méjì tí ìyá rẹ̀ yóò ti padà. Òfin kan náà ní kí ọ̀gá fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kí ó lè fún ọmọ lọ́mú, ẹ sì lè bi àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ bóyá wọ́n ń rí i gbà. Ẹni tí kò bá lè gbé ọmọ lọ, kí ó fún omi ọmú rẹ̀ sínú ife mímọ́ tó ní ìdérí, kí wọ́n fi ṣíbí bù ú fún ọmọ nílé.

Ní tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ sóyà mọ́ àgbàdo. Kóńgò sóyà kan sí kóńgò àgbàdo mẹ́ta ni mò ń lò. Mo máa ń se sóyà náà kí n tó bó èèpo rẹ̀. Ó wọ́n ju ògì lásán lọ, àwọn tó ń rà á kò sì tíì pọ̀. Ìyá ọmọ kan tí mo lé lọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní oṣù mẹ́ta kọjá níwájú ìsọ̀ mi lánàá. Ọmọ náà yóò pé oṣù mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì ti san owó tirẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Ológì,
Ọ̀ffà, Ìpínlẹ̀ Kwara.