Itan mi ò gbọ́ tèmi mọ́

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Àìkú.

Dàpọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́?

Mo wá tọrọ àforíjì. Ìjọ́sí tó o kọ̀wé pé òkè Harlem nínú Central Park, ọgbà ńlá New York yín tó o ti ń sáré, fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ́, ṣebí mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi? Mo ní òkè wo ló máa wà nínú ọgbà tí wọ́n ń gbá bí ìta ààfin. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o.

Ojú títì níhìn-ín tẹ́jú, ìyẹn ló ń tàn mí. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo sáré dé Òkè-Ẹ̀rí, mo wá ní kí n lọ fi Erédò, yàrà ńlá àtijọ́ yẹn, dánra wò, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ gbé gba inú yàrà náà kọjá. O rántí ibẹ̀. Igi dáàbò bò ó lókè, ọ̀sán gangan ibẹ̀ á dà bí ìrọ̀lẹ́. Ògiri amọ̀ pupa náà tutù, ewéko kéékèèké lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ibòmíràn wà tó ga tó ogún mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí bèbè. Wọ́n ní Bílíkísù Súngbọ́ ò bímọ, ló ṣe ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má bàa parun. Nǹkan bí ọgọ́jọ kìlómítà ló yí ká! Èmi, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá péré ni mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí n sì gun òkè.

Gígùn ò ṣe mí ní nǹkan kan ju kí n máa mí hẹlẹ hẹlẹ. Sísọ̀ ló hu ìwà. Bó o bá ń sọ̀, itan ló ń ṣe bíréèkì: ó ń nà, ó tún ń fa ara rẹ̀ padà, ẹran inú rẹ̀ á máa ya wẹ́wẹ́. Lọ́jọ́ náà o ò ní mọ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo mọ̀. Ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa, ìyàwó mi sì ń ya fídíò mi. (Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, má wulẹ̀ bi mí.)

Ìyá kan tó ń ti oko bọ̀ rí mi nígbà tí mo gùn ún lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ó sọ igi orí rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí.

“Ọmọ mi, ta ló ń lé ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó ń lé mi, ìyá.”

“Hẹn-ẹn. Ènìyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún o.”

Ó dúró tì mí títí mo fi jáde lọ sójú títì. Mi ò parí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá náà.

Eré tó o sọ fún mi, tí wọ́n sá ní 1970, ìyẹn màrátọ́ọ̀nù New York àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ yí ọgbà yín po: àwọn 127 ló bẹ̀rẹ̀, 55 ló parí. Mo máa ń bú àwọn tó kù. Ní báyìí mo mọ̀ pé àwọn méjìléláàádọ́rin yẹn, ẹgbẹ́ mi ni wọ́n.

Ìgbẹsẹ̀ kúkúrú ni mo ń gbé báyìí bí mo bá ń sọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sì ti tó mi. Bó o bá ń bọ̀ fún Ojúde Ọba, tètè dé kí Iléyá tó pé, ká jọ lọ. Gààrí rẹ ti wà nílẹ̀, kíkan gidi. Bàtà mi sì ti ṣí nísàlẹ̀: nọ́ńbà 43 ni mò ń wọ̀ o, má mú 42 wá bí ti èṣí.

Èmi ni,
Wálé