Lẹ́tà sí Àjàní nípa àwọn ìwé tí kò sí nínú Bíbélì

Àjàní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ Sátidé kò jẹ́ kí n sùn. O ní o kò jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́, torí pé ṣọ́ọ̀ṣì fi àwọn ìwé kan, bí Ìhìnrere Tómásì, pamọ́ kí a má bàa kà wọ́n. Mi ò bínú sí ọ. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí mo bi ọ́ pé èwo lo ti kà nínú wọn, o dákẹ́.

Èmi ti ka díẹ̀. Ìwé kan sọ ìtàn ìgbà èwe Jésù. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ó ń fi amọ̀ mọ ológoṣẹ́ 12 létí odò lọ́jọ́ ìsinmi. Jósẹ́fù bá a wí. Ọmọ náà pàtẹ́wọ́, làwọn ẹyẹ bá fò lọ. Ìtàn yẹn dùn mọ́ mi. Ẹyẹ amọ̀ tí Jésù mí sí wà nínú Al-Kùránì pẹ̀lú, bàbá àgbà rẹ máa ń sọ ọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á síwájú, ọmọ kan sáré kọjá, ó kọlu Jésù léjìká, Jésù ṣépè fún un, ọmọ náà ṣubú, ó kú. Mo pa ìwé náà dé. Ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti lóyún rẹ kọ́ nìyẹn.

Òótọ́ ni pé àwọn aṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì ìgbàanì jiyàn gan-an kí wọ́n tó fẹnu kò lórí àwọn ìwé tó máa wà nínú Bíbélì. Ọdún 367 ni Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Aleksandríà, to ìwé 27 tá a ní nínú Májẹ̀mú Tuntun lẹ́sẹẹsẹ sínú lẹ́tà Àjíǹde rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló jókòó lọ́jọ́ kan tó yan Ìhìnrere mẹ́rin. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù kan tó wà ṣáájú rẹ̀, ti ń gbèjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní nǹkan bí ọdún 180. Ẹni tó bá sì ní wọ́n fi ìwé Énọ́kù pamọ́, ní kó ṣí Júúdà ẹsẹ 14. Ọ̀rọ̀ Énọ́kù ló wà níbẹ̀ yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì Etiópíà ní ìwé náà nínú Bíbélì wọn títí dòní.

Ìhìnrere Tómásì tí o dárúkọ, inú ìkòkò amọ̀ ni àgbẹ̀ kan ti rí i lọ́dún 1945, nítòsí Nag Hammadi ní Íjíbítì, níbi tó ti ń wa ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Ó ní ìyá òun fi díẹ̀ lára àwọn ewé ìwé inú ìkòkò náà dáná. Ó dùn mí wọra. Mi ò gba gbogbo ohun tó wà nínú wọn gbọ́, síbẹ̀ mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Jésù 114 ló wà nínú Tómásì. Òmíràn jọ ti Mátíù, òmíràn ṣàjèjì. Wọn ò sọ ìtàn àgbélébùú níbẹ̀, wọn ò sì sọ ti ibojì òfìfo. Kà á, Àjàní. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ka Máàkù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ní ìjókòó kan. Bí o bá ń wálé fún Àjíǹde, mú Tómásì dání. Màá ti wẹ gíláàsì ojú mi sílẹ̀, àá jọ kà á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá rẹ ni