Ẹ gbá ẹ̀gún tí ẹ gé sójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́

Sí Olóòtú,

Àwọn tí a fi ìtọ́jú etí ọ̀nà sí níkàáwọ́ tún ti ṣe é. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn wá, wọ́n gé igi ẹlẹ́gùn-ún àti koríko tó hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, wọ́n sì kó ẹ̀rọ wọn lọ láìgbá ilẹ̀, tí gbogbo ẹ̀gún tí wọ́n gé fi wà nílẹ̀ gbalaja níbi tí táyà wa ń gbà kọjá. Láàárọ̀ òní, n kò tíì rìn jìnnà rárá tí táyà ẹ̀yìn fi jò, bí mo sì ti ń wá ibi tí mo lè dúró sí ni ti iwájú náà rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ẹ̀gún tí mo yọ lára wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó burú jù ni àwọn tí ṣóńṣó wọn ti kán sínú rọ́bà, tí ojú kò lè rí wọn láti ìta, àfìgbà tí a bá fi ìka pa inú táyà náà jẹ́jẹ́ yíká ni wọ́n tó ń gún ni lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá yọ ìyẹn, tó sáré ki túùbù tuntun bọ̀ ọ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ yẹn láìpẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a kò ya inú igbó lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ní kí a máa gbà ni a gbà, àwọn kan náà ni wọ́n sì da ẹ̀gún sí i.

Àkókò tí wọ́n ń gé igbó yìí pàápàá kò bójú mu. Ẹ wo dágunró, ewéko tí ń fà nílẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ kéékèèké pọ́n bí ìyeyè. Nígbà tó bá ṣì ń tanná, kò tíì ní ohun tó lè lu táyà, ẹnì kan tó mú ọkọ́ lọ́wọ́ sì lè hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ṣùgbọ́n bí èso rẹ̀ bá ti gbẹ, ó sábà máa ń fọ́ sí márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì ní ẹ̀gún líle tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó ti wù kí ó balẹ̀, ṣóńṣó kan yóò kọjú sókè. Irúgbìn inú rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ó tó hù. Ìgbà tí ó bá gbó báyìí gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ wa máa ń rántí gbé ẹ̀rọ jáde, nígbà tí ewéko náà lẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ ẹ̀rọ ń ré kọjá lórí rẹ̀, tí atẹ́gùn ẹ̀rọ sì ń fọ́n èso rẹ̀ káàkiri, tí táyà ẹ̀rọ náà tún ń kó o láti ibì kan dé ibòmíràn. Ṣé ẹni tó ń ṣe báyìí ń roko ni, àbí ó ń gbin ẹ̀gún?

Bí a bá fẹjọ́ sùn, èsì tí a máa ń gbà ni pé kí oníkẹ̀kẹ́ mú páǹpù àti gúlúù dání. À ń mú wọn dání. Ọmọ ilé-ìwé tó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní kíláàsì kò lè fi páǹpù gbá ojú ọ̀nà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní ń ṣe lákáǹláká tọ alábẹ lọ. A ti ṣe lákáǹláká tọ àwọn aláṣẹ yìí lọ títí, wọn kò yọ abẹ.

Nítorí náà, kí wọ́n tó dá wa lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí pé ó ń ranni lọ́wọ́ jù lọ, èyíinì ni oje tí a ń dà sínú túùbù láti dí ihò. Láti ọdún 1888 tí John Boyd Dunlop ti gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí a ń fún ní afẹ́fẹ́ ni a ti ń bá ẹ̀gún jà, síbẹ̀ túùbù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ ni àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ ṣì ń fi sí i fún ẹni tí wọ́n mọ̀ pé àárín ẹ̀gún ni yóò ti máa gùn ún. Oje yìí máa ń ṣàn kiri inú túùbù bí táyà ti ń yí. Bí ẹ̀gún bá lu túùbù, afẹ́fẹ́ tó ń jáde ni yóò gbé e lọ sójú ihò, àwọn fọ́nrán kéékèèké inú rẹ̀ á sì dí ibẹ̀ pa. Kò lè dí ibi tí àfọ́kù ìgò bá là gbọọrọ, kò sì lè dí ibi tí ríìmù ti gé túùbù nítorí pé afẹ́fẹ́ kò tó, ṣùgbọ́n ihò bíńtín tí ẹ̀gún ń lu ni a tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Bí a ṣe ń dà á kò le. A ó yí táyà títí ẹnu túùbù yóò fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò ní wà nísàlẹ̀ pátápátá, a ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tú jáde, a ó yọ abẹ́rẹ́ inú ẹnu rẹ̀, a ó sì rọra da oje náà sí i. Túùbù tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba bíi mílílítà 60, èyí tó sanra lè gbà tó 120. Kí a dá abẹ́rẹ́ padà, kí a fún un ní afẹ́fẹ́, kí a sì gùn ún lójú ẹsẹ̀ kí oje náà lè kárí. Túùbù tí abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ kò ṣeé yọ yóò fún ni ní wàhálà, kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó rà á. Lẹ́yìn èyí, bí a bá rí ẹ̀gún lára táyà, kí a fà á yọ, kí a yí ojú ihò náà sísàlẹ̀. A ó gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe ṣìì, oje díẹ̀ á yọ síta, ariwo náà á sì dákẹ́. Ẹni tí kò bá da oje sí tirẹ̀ ni kí ó fi ẹ̀gún sílẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi délé, nítorí ẹ̀gún náà fúnra rẹ̀ ló ń dí ihò tó lu. Kí a má sì gbàgbé pé oje máa ń gbẹ, pàápàá nígbà ooru. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó yẹ kí a fi kún un. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé kò ṣiṣẹ́ ló jẹ́ pé wọ́n dà á lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Rọ́bà pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ sáàárín táyà àti túùbù náà wúlò, bí a bá ti fá etí rẹ̀ kí ó má baà ha túùbù. Táyà tí wọ́n fi ìpele líle sí lábẹ́ ojú rẹ̀ dára, àmọ́ ó máa ń wúwo.

Ṣùgbọ́n kò sí oje tó dá ẹni tó gé ẹ̀gún sójú ọ̀nà láre. Kí wọ́n hú dágunró nígbà tó ń tanná. Kí wọ́n gbá ojú ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé igi ẹlẹ́gùn-ún gan-an, kí ẹ̀rọ wọn tó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì di ohun tí wọ́n bá kó sínú àpò dípò kí wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà míràn. Kí ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí ìwé pé iṣẹ́ ti parí má sì fọwọ́ sí i mọ́, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín tó ń gun kẹ̀kẹ́